Fódà Di Shortcut: Ẹ Má Tíì Fọ́ọ́màtì

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Mo ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ní Ìbàdàn. Akẹ́kọ̀ọ́ kan mú fláàṣì wá pé ká bá òun pírìntì pírójẹ́ẹ̀tì òun. Bí a ṣe ṣí i, gbogbo fódà ti di shortcut, àmì kékeré tó kàn ń tọ́ka sí nǹkan mìíràn. Ọmọ náà bú sẹ́kún. Ẹnì kan ní ká fọ́ọ́màtì ẹ̀, ká pa gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ rẹ́, òmíràn ní fáírọ́ọ̀sì ni, òmíràn ní malware ni. Ta ni ká gbọ́ tiẹ̀? — Ìyá Ìbejì

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ ní kó nu ojú ẹ̀ nù. Ó ṣeé ṣe kí iṣẹ́ ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ digbí. Ẹ wo àyè tó ṣẹ́ kù lórí fláàṣì náà: bó bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, tó sì jẹ́ shortcut tíntìntín nìkan lẹ ń rí, a jẹ́ pé wọ́n kàn fi fáìlì ẹ̀ pamọ́ ni. Ẹ má tẹ ìkankan nínú shortcut yẹn o, torí títẹ̀ ẹ́ ló ń jí nǹkan burúkú náà. Ẹ kọ́kọ́ fi antivirus yẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí Command Prompt, ojú ibi tá a ti ń tẹ àṣẹ fún Windows. Bó bá jẹ́ lẹ́tà E ni kọ̀ǹpútà fún fláàṣì náà, ẹ tẹ èyí:

attrib -h -r -s /s /d E:\*.*

Fódà á yọjú. Ẹ kó wọn síbòmíì kẹ́ ẹ tó wá fọ́ọ́màtì.

Àwọn méjì tó ń jiyàn yẹn ò jìnnà síra. Malware ni orúkọ gbogbo ẹbí. Fáírọ́ọ̀sì ni èyí tó máa ń lẹ̀ mọ́ fáìlì. Worm ń dá rìn láti kọ̀ǹpútà dé kọ̀ǹpútà. Bẹ́ẹ̀ ni WannaCry ṣe ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún, 2017: ó wọ orílẹ̀-èdè tó lé ní 150, ó ti fáìlì pa, ó ní kí wọ́n san $300 ní Bitcoin. Ilé ìwòsàn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá aláìsàn padà. Microsoft sì ti gbé àtúnṣe jáde láti oṣù Kẹta. Ẹni tó ti ṣe update ẹ̀ bọ́.

Trojan, ìyẹn malware tó ń díbọ́n bí ohun tó wúlò, ló ń bà mí lẹ́rù jù nínú irú ṣọ́ọ̀bù yín. Àwa fúnra wa la máa ń gbà á wọlé, pàápàá nínú crack CorelDRAW, èyí tí wọ́n já kọ́kọ́rọ̀ ẹ̀ kí èèyàn má bàa sanwó, tí wọ́n ń pín kiri. Èyí tó bá ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pa antivirus kóun tó ṣiṣẹ́, ẹ má gbà á: olè ló ń bẹ onílé pé kó so ajá ẹ̀ mọ́lẹ̀. Trojan lè jókòó jẹ́ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, kó máa ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ ń tẹ̀: páásíwọ̀dù ọmọ tó wá ṣe JAMB, nọ́ńbà káàdì bàbá tó wá sanwó. Àwọn èèyàn yìí fọkàn tán yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya kọ̀ǹpútà kan sọ́tọ̀ fún fláàṣì oníbàárà, kẹ́ ẹ má sì fi ìyẹn ṣe ohunkóhun tó ní páásíwọ̀dù nínú.