Ọmọ àbúrò mi ń jí oúnjẹ jẹ lóru, ṣé wọ̀bìà ni?

Àǹtí wa, ẹ kú ìfaradà o. Kí àwọn tó kù lè mọ ohun tí à ń sọ: wọ́n ní ọmọ àbúrò àwọn tó jẹ́ ọmọ ọdún 9 ti ń gbé lọ́dọ̀ àwọn látìgbà tí ilé àwọn òbí ẹ̀ ti dàrú, inú máa ń tètè bí i, ó ń fọ́ nǹkan, dókítà tiẹ̀ ti fún un lóògùn torí ẹ̀, àmọ́ oúnjẹ lèyí tó sú wọn jù. Á jẹun bíi pé ẹnì kan fẹ́ gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, á ní òun ò yó, tó bá dòru á yọ́ wọ kíṣìnì, wọ́n sì ti rí búrẹ́dì tó ti bu lábẹ́ pílò ẹ̀. Wọ́n nà án, wọ́n ti kíṣìnì ní kọ́kọ́rọ́, ṣe ló tún ń le sí i.

Rárá o, èmi ò rí wọ̀bìà níbẹ̀. Ẹ wo búrẹ́dì yẹn dáadáa. Oníwọ̀bìà ò ní sùúrù, kíá ló máa gbé e mì, kò ní fi pamọ́ títí tó fi máa bu. Ọmọ tó bá ń kó oúnjẹ pamọ́, ọ̀la ló ń bà á lẹ́rù. Ẹ̀yin náà lẹ sì kọ ọ́ pé nígbà tó wà lọ́hùn-ún, ọjọ́ míì wà tí kò sẹ́ni tó rántí fún un lóúnjẹ. Ara ẹ̀ ti kọ́ pé kéèyàn tètè jẹ èyí tó bá rí, ikùn lè kún lónìí, ọkàn ò tíì gbà pé bó ṣe máa rí lọ́la nìyẹn. Ẹ má bi í pé kí ló ń lé e kiri, irọ́ ló máa pa fún yín, torí òun gan-an ò mọ̀ ọ́n.

Ohun míì tún ni pé tí ọkàn ọmọ ò bá balẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, họ́mọ̀nù kan wà tó ń jẹ́ cortisol tó máa ń pọ̀ lára, òun ló ń jẹ́ kí nǹkan dídùn àti ọlọ́ràá máa wu èèyàn jẹ ṣáá, tó bá sì jẹ ẹ́ tán ara á tù ú díẹ̀. Ọmọdé tí kò tíì lè sọ pé "ọkàn mi bà jẹ́" ti rí oògùn nìyẹn. Ẹ ní ọjọ́ tí bàbá ẹ̀ bá pè é lórí fóònù ló máa ń burú jù, àǹtí mi, ẹ ti dá ara yín lóhùn!

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí kíṣìnì. Ohun tí kọ́kọ́rọ́ yẹn ń sọ fún un ni pé òótọ́ lẹ̀rù tó ń bà á, pé oúnjẹ lè tán. Àwọn tó ṣèwádìí lórí ẹ̀ náà rí i pé oúnjẹ tí wọ́n bá há mọ́ ọmọdé gan-an ló máa ń wù ú jù. Ẹ jẹ́ kí àkókò oúnjẹ dúró lójú kan, kó má ju wákàtí 3 sí 4 lọ kó tó rí nǹkan fi sẹ́nu, kí ẹ sì sọ fún un kó tó sùn ohun tẹ́ ẹ máa jẹ láàárọ̀. Ẹ gbé èso sínú abọ́ kan tó lè mú níbẹ̀ láìtọrọ. Ẹ̀yin lẹ máa yan ohun tẹ́ ẹ máa sè àti ìgbà tẹ́ ẹ máa jẹ ẹ́, òun ló máa mọ ìwọ̀n tó máa yó o. Ẹ jókòó tì í, ẹ máa tàkùrọ̀sọ, torí ó tó bí ìṣẹ́jú 20 kí ọpọlọ tó gbọ́ pé ikùn ti kún. Ó lè jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ níbẹ̀rẹ̀ o, ó ń dán yín wò ni, ẹ má fòyà. Ẹ má fi oúnjẹ jẹ ẹ́ níyà, ẹ má sì fi ṣe ẹ̀bùn, kí ẹ sì kìlọ̀ fún àwọn ọmọ yín kí wọ́n yé pè é ní alájẹkì. Ẹgba ńkọ́? Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ míì wọ̀ ọ́, ìbẹ̀rù ebi náà ò yàtọ̀.

Ọ̀rọ̀ oògùn yẹn ṣì wà ńlẹ̀. Ẹ wo orúkọ tó wà lára páálí ẹ̀. Tó bá jẹ́ risperidone, wọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa pé ó máa ń jẹ́ kí ebi pa ọmọ lápajù kó sì sanra, methylphenidate ní tiẹ̀ kì í jẹ́ kí ebi pa ọmọ lọ́sàn-án, tó bá dìrọ̀lẹ́ tí agbára ẹ̀ ti lọ ebi á dé pẹ̀lú ìbínú. Ẹ má dá a dúró fúnra yín o, dókítà ló lè yí i padà. Tó bá sì jẹ́ pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ ṣáá, tó ń tọ̀ lemọ́lemọ́, tó tún ń rù pẹ̀lú gbogbo oúnjẹ yẹn, ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ yẹn gan-an kí wọ́n yẹ ṣúgà ara ẹ̀ wò.

Kẹ́ ẹ tó lọ rí dókítà, ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan kọ ọ́ sílẹ̀: ìgbà tó jẹun, ohun tó ṣẹlẹ̀ kó tó jẹ ẹ́, ìgbà tó lo oògùn. Kí ẹ sì ní kó júwe ẹni tó máa ń gbọ́ ẹjọ́ ọkàn ọmọdé fún yín, kí ọmọ náà lè rẹ́ni bá sọ̀rọ̀ bàbá ẹ̀.