Sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn lára ọkọ̀ àtijọ́ tí ó ní K-Jetronic: kí ẹ tó fà á yọ

Ẹ béèrè bóyá ẹ lè yọ sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn (èyí tí ń wọn ọ́síjìn inú èéfín ọkọ̀) àti àpótí tí ń darí rẹ̀ kúrò, nítorí pé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ àtijọ́ yín ń ròkè ròdò bí ọkọ̀ bá dúró sójú kan. Mo ti dán an wò rí, owó tí ó sì ná mi ju iye tí mo fẹ́ fi pamọ́ lọ.

Òótọ́ ni pé ẹ́ńjìnnì lè ṣiṣẹ́ láìsí i. Ní 1973 ni K-Jetronic, ètò tí Bosch ṣe láti máa fọ́n epo sí ẹ́ńjìnnì, jáde, ó sì di 1976 kí sẹ́ńsọ̀ yìí tó wà lára ọkọ̀ títà, ìyẹn Volvo 240 tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà. Awo tí afẹ́fẹ́ ń gbé sókè ni ó ń pinnu iye epo. Sẹ́ńsọ̀ kàn ń bá a tún un ṣe ni. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí wọn kò ṣe sẹ́ńsọ̀ sí kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú èyí tí a yọ tirẹ̀ kúrò, ibẹ̀ gan-an ni mo ti ṣìnà.

Wáyà sẹ́ńsọ̀ ni mo kọ́kọ́ fà yọ. Àpótí náà padà sí ìwọ̀n kan ṣoṣo tí wọ́n tò sínú rẹ̀, ọkọ̀ ń rìn, inú mi sì dùn, àfi ìgbà tí mo tú púlọ́ọ̀gì tí mo rí i pé ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Ẹni tí ó ta ọkọ̀ náà fún mi ti fi epo kún un kọjá ààlà, sẹ́ńsọ̀ ni ó sì ń bá a dín in kù láti ọjọ́ yìí wá. Mo tún fa wáyà frequency valve yọ, ìyẹn fáàfù kékeré tí àpótí náà fi ń tún iye epo ṣe. Bí valve yẹn bá pa dé, agbára tí epo fi ń tì á ga ní yàrá ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ tí ń pín epo, epo tí ń dé ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì á sì dín kù gidigidi. Ẹ́ńjìnnì mi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, kò sì lè gun òkè mọ́. Ni mo bá mú Allen key 3 mm, mo ń yí síkúrù epo títí ìró rẹ̀ fi tẹ́ mi lọ́rùn, láìfi ẹ̀rọ kankan wọn èéfín rẹ̀. Lórí eré, epo pọ̀ jù, èyí tí kò jó tán ń lọ jó nínú catalytic converter (ohun tí ń fọ èéfín mọ́ lójú ọ̀nà ẹ̀gísọ́ọ̀sì), títí inú rẹ̀ fi yọ́.

Ibo ni àrùn náà wà? Rọ́bà tí ó so ibi awo mọ́ ẹ́ńjìnnì ti là lábẹ́, níbi tí ojú kò tó, afẹ́fẹ́ tí awo kò kà sì ń gba ibẹ̀ wọlé.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ yẹ gbogbo rọ́bà wò. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa, nítorí pé sẹ́ńsọ̀ kì í sọ̀rọ̀ títí yóò fi gbóná tó nǹkan bí 300 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí ẹ sì fi mítà sí wáyà rẹ̀: ó yẹ kí ó máa lọ sókè sódò láàárín nǹkan bí fóltì 0.1 sí 0.9. Bí kò bá kúrò lójú kan lẹ́yìn tí ẹ ti dí gbogbo ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ẹ ra tuntun. Bí ẹ bá sì ṣì fẹ́ yọ gbogbo rẹ̀, tí òfin ibi tí ẹ wà gbà á láàyè, ẹ wá ẹ̀rọ ìpín-epo tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ tí kò ní sẹ́ńsọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tí ó ní ẹ̀rọ ìwọn-èéfín bá yín tò ó.