Ẹ Béèrè, A Dáhùn: Ilé-iṣẹ́ iná gáàsì lórí ilẹ̀ èédú àtijọ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń gbé nítòsí Newark nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ní orí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń jó èédú tẹ́lẹ̀ ni wọ́n kọ́ ilé-iṣẹ́ iná Staythorpe sí. Ṣé kò sí ilẹ̀ míì ni? (Òǹkàwé, Nottinghamshire)

ÌDÁHÙN: Ilẹ̀ wà, àmọ́ ilẹ̀ nìkan kọ́ ni wọ́n ń wá. Ọdún 1950 ni ilé-iṣẹ́ èédú àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Staythorpe. Ìkejì tẹ̀lé e, òun náà sì kógbá sílé ní 1994. Èyí tó ń lo gáàsì, tó jẹ́ ti RWE, iléeṣẹ́ iná ọmọ ilẹ̀ Jámánì, bẹ̀rẹ̀ ní 2010. Ẹ̀rọ mẹ́rin ló ní, àpapọ̀ agbára wọn sì tó mẹ́gáwáàtì 1,700. Odò Trent ń ṣàn lẹ́bàá ibẹ̀, omi rẹ̀ ni wọ́n fi ń mú ẹ̀rọ tutù. Wáyà ńláńlá tó ń gbé iná lọ sí ìgboro náà ti wà nílẹ̀, lójú tiwa, òun ló níye lórí jù. Ẹ̀rọ ṣeé rà, ó sì ṣeé tò. Ṣùgbọ́n kéèyàn tó fa wáyà tuntun gba oko olóko kọjá, àṣẹ gbígbà nìkan lè gba ọ̀pọ̀ ọdún.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé wọn ò kàn lè tan gáàsì sínú bọ́ílà èédú àtijọ́ ni? (Òǹkàwé, Ìkòròdú)

ÌDÁHÙN: Wọ́n lè ṣe é. Ilé-iṣẹ́ iná Egbin tó wà lágbègbè yín gan-an, bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn: gáàsì ń se omi nínú bọ́ílà, oru omi sì ń yí tọ́báìnì mẹ́fà (ẹ̀rọ alábẹ̀bẹ̀ tó ń yí kí iná lè jáde), mẹ́gáwáàtì 220 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ bí ooru inú gáàsì bá jẹ́ ọgọ́rùn-ún, bíi márùndínlógójì sí ogójì péré ló ń di iná lọ́nà yìí. Ti Staythorpe ń mú bíi méjìdínlọ́gọ́ta jáde. Ẹ̀rọ GT26 ibẹ̀, tó jẹ́ tọ́báìnì gáàsì, máa ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ ju ìlọ́po ọgbọ̀n lọ, á jó gáàsì nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, èéfín tó bá sì jáde, tó ṣì gbóná ju 600°C lọ, ni wọ́n fi ń se omi nínú bọ́ílà fún tọ́báìnì kejì. Ọ̀pá kan náà ni tọ́báìnì méjèèjì ń yí. Ti gáàsì á kọ́kọ́ gbéra, bí oru omi bá ti tó, kílọ́ọ̀ṣì á so ìkejì mọ́ ọn.

ÌBÉÈRÈ: Kí ló sábà máa ń ba irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ jẹ́? (Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Ẹ kọ́kọ́ wo gáàsì fúnra rẹ̀. Bí agbára tó fi ń tì nínú páìpù bá wálẹ̀ láti bar 70 sí 45 (bar ni wọ́n fi ń wọn agbára ìtì náà), á tutù ní nǹkan bíi 12°C, nítorí bar kọ̀ọ̀kan ń mú ìdajì dígírì lọ. Nígbà náà ni epo tó wà nínú rẹ̀ á di ẹ̀kán. Ẹ̀kán epo tó bá wọnú ẹ̀rọ á jó níbi tí kò yẹ, á sì lu irin. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń sẹ́ ẹ, tí wọ́n sì ń mú un gbóná títí tí yóò fi fi 28°C ju ìwọ̀n tí ẹ̀kán ti ń bẹ̀rẹ̀ lọ.

Ìdọ̀tí afẹ́fẹ́ ni ìkejì. Ó ń lẹ̀ mọ́ abẹ̀bẹ̀ irin tó ń fún afẹ́fẹ́, agbára ẹ̀rọ á sì máa dín kù díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ fọ̀ ọ́, wọ́n á pa ẹ̀rọ, wọ́n á jẹ́ kó tutù dáadáa, wọ́n á máa yí i jẹ́jẹ́, wọ́n á wá fọ́n omi aláìníyọ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ pẹ̀lú ọṣẹ sí i. Wọ́n á dá a dúró kí ọṣẹ ráyè jẹ ìdọ̀tí náà, lẹ́yìn náà wọ́n á ṣan án títí omi tó ń jáde á fi mọ́ kedere.

Èyí tó ń náni lówó jù ni páìpù bọ́ílà tó ń sán. Kí wọ́n tó tan iná, wọ́n gbọ́dọ̀ fẹ́ afẹ́fẹ́ gba inú bọ́ílà náà kọjá kí gáàsì má baà kù síbẹ̀. Afẹ́fẹ́ yìí ń mú páìpù tutù, oru inú wọn á sì di omi. Bí wọn ò bá ṣí ẹ̀rọ ìdàmísílẹ̀ tó, omi yẹn á sáré lu irin gbígbóná. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń tan láràárọ̀, tí wọ́n ń pa lálaalẹ́, ló ń tètè ní ìṣòro yìí.

ÌBÉÈRÈ: Eérú àtijọ́ ńkọ́? Ṣé ilẹ̀ náà kò léwu? (Òǹkàwé, Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: Ewu wà níbẹ̀ tí wọn ò bá yẹ̀ ẹ́ wò. Eérú èédú ní arsenic àti boron nínú, ìyẹn kẹ́míkà tó lè ba omi jẹ́, òjò sì lè gbé wọn wọ omi abẹ́ ilẹ̀, nítorí náà wọ́n ń gbẹ́ kànga kéékèèké yíká láti máa yẹ omi wò. Asbestos, fọ́nrán tí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, tí wọ́n fi wé páìpù àtijọ́ gbọ́dọ̀ kúrò kí wọ́n tó wó ilé kankan. Eérú kì í gbé ẹrù wúwo, á rì, torí náà òpó ìpìlẹ̀ gbọ́dọ̀ wọlé títí dé ilẹ̀ líle. Kí wọ́n tó ri òpó yẹn, ẹ jẹ́ kí wọ́n wá ihò ńláńlá tí omi odò ń gbà wọlé nígbà èédú, kí wọ́n sì da kọnkéré dí i, nítorí òpó tó bá já sínú rẹ̀ kò ní lè gbé ohunkóhun.