Ògiri Ṣọ́ọ̀ṣì Wa Ti Lanu: Ṣé Okùn Fáíbà Lè Bá Wa Ṣọ́ Ọ?

Ìbéèrè: Ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ògiri ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìsọ̀kùn, Iléṣà, ti lanu láti orí fèrèsé dé abẹ́ òrùlé, aláǹgbá ti ń wọlé. Ọmọkùnrin kan sọ fún ìgbìmọ̀ ilé pé okùn fáíbà, irú èyí tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì, lè máa sọ fún wa bí ògiri náà bá ń rìn. Báwo ni gíláàsì ṣe ń mọ̀? Ṣé kí a náwó sí i?

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ kú ìtọ́jú ilé Ọlọ́run. Ọmọ yẹn ò purọ́, àmọ́ ó fi apá kan ọ̀rọ̀ sílẹ̀.

Okùn náà ò mọ nǹkan kan. Ìmọ́lẹ̀ tí a rán gba inú rẹ̀ ló ń jíṣẹ́. Ó tín-ín-rín bí irun orí: ìbú rẹ̀ jẹ́ 125 máíkírómítà (ẹgbẹ̀rún máíkírómítà ló wà nínú mílímítà kan), ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà láàárín rẹ̀ ò sì ju bíi 9 lọ. Lọ́dún 1978 ni Ken Hill àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Kánádà rí i pé ìmọ́lẹ̀ lésà lè bu ilà wẹ́wẹ́ sínú gíláàsì yìí, bí olóòlà ṣe ń bu ú sójú ọmọ. Bí onírúurú àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ bá ń kọjá, ilà yìí á dá ẹyọ kan padà, á jẹ́ kí ìyókù máa lọ. Bí ògiri bá fa okùn, àlàfo àárín ilà á fẹ̀, àwọ̀ tó ń padà á sì yí díẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń ka àwọ̀ náà dà bí àwọn òṣómàáló yín: ó lóṣòó ti okùn, kò dìde àfi bí ohun tó fi ránṣẹ́ bá padà.

Ooru ni wàhálà. Gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀ la fi ń wọn àwọ̀ rẹ̀, èyí tí a sábà máa ń lò sì jẹ́ 1550 nànómítà (mílíọ̀nù kan nànómítà ló wà nínú mílímítà kan). Bí a bá fa okùn ní ìdá kan nínú mílíọ̀nù gígùn rẹ̀, àwọ̀ tó ń padà á fi bíi 1.2 píkómítà yí (ẹgbẹ̀rún píkómítà ló wà nínú nànómítà kan). Bí ooru bá fi dígírì kan lé, á yí ní bíi 10. Ẹ wá wo ìgbà ọyẹ́, tí òwúrọ̀ tutù bí omi àmù tí ọ̀sán sì ń jó ni lára. Bí ìyàtọ̀ bá tó dígírì 15, ẹ̀rọ á ní ògiri ti fà ní ìdá 125 nínú mílíọ̀nù, bẹ́ẹ̀ oòrùn lásán ni. Nítorí náà, a máa ń fi okùn kejì tí a ò lẹ̀ mọ́ ògiri sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́. Ooru nìkan lèyí mọ̀, a ó sì yọ tirẹ̀ kúrò. Ẹni tó bá fẹ́ tà á fún yín tí kò mẹ́nu ba okùn kejì, ẹ sọ fún un pé ẹ ó máa retí rẹ̀.

A kì í sì í lẹ okùn gbalaja sórí ibi tó sán. Gbogbo fífẹ̀ náà á bọ́ sórí ìwọ̀nba gíláàsì kékeré, á sì já. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì la máa ń so ó mọ́, ká sọ pé 50 sẹ̀ǹtímítà síra, a ó sì fà á le díẹ̀ kó lè mọ̀ bí ojú rẹ̀ bá ń pa dé. Nígbà náà, bí ó bá fi mílímítà kan fẹ̀, okùn á kàn nà ní ìdá 2,000 nínú mílíọ̀nù, ó lè gbà á.

Wáyà fáíbà tí wọ́n ń rì sẹ́bàá ọ̀nà ńkọ́? Gíláàsì kan náà ni, àmọ́ wọ́n fi í sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ nínú rọ́bà kí fífà má bàa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ohun tí àwa ń wá gan-an ni wọ́n ń sá fún.

Ní ti owó, okùn ò wọ́n, ẹ̀rọ tó ń kà á ló wọ́n. Fún afárá ńlá tàbí ìsédò bí èyí tó wà ní yunifásítì lọ́dọ̀ wa níbí ní Ifẹ̀, mo fara mọ́ ọn: kì í dípẹtà, àrá ò sì rí iná mànàmáná kankan bá nínú rẹ̀. Fún ògiri kan ṣoṣo, owó ẹ̀rọ yẹn lè tó èyí tí ẹ ó fi wó o tí ẹ ó fi tún un kọ́.

Ẹ fi pẹ́ńsùlù sàmì méjì sápá ọ̀tún àti òsì ibi tó sán, ẹ kọ déètì síbẹ̀. Láràárọ̀ Sátidé, kí oòrùn tó ràn, kí ẹnì kan náà máa fi rúlà kan náà wọn àlàfo àárín àmì méjèèjì. Ẹ fi símẹ́ńtì lẹ gíláàsì fẹ́lẹ́ dábùú ibi tó sán. Bí ó bá fọ́, ògiri ṣì ń rìn. Bí ibi tó sán bá ń fẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn tó ń pa dé lójò, amọ̀ abẹ́ ìpìlẹ̀ ló ṣeé ṣe kó máa wú tó tún ń sún kì. Bí ó bá ń fẹ̀ láìpadà, tàbí fèrèsé bẹ̀rẹ̀ sí í há, ẹ kó àwọn èèyàn kúrò lápá ibẹ̀, kí ẹ sì pe ẹnjiníà ilé lọ́jọ́ náà. Kó tó dé, ẹ bá mi bẹ àwọn bíríkìlà yín kí wọ́n má rẹ́ ẹ.