Léèsì ń tàn, ojú ṣókùnkùn: ṣé kámẹ́rà ló fà á?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Olùkọ́ ni mí ní Òṣogbo, mo kàn fẹ́ràn fọ́tò yíyà ni. Mo ra kámẹ́rà tòkunbọ̀ kan pẹ̀lú léǹsì 18–55, èyí tí a lè yí láti 18mm tó ń mú ibi fífẹ̀ dé 55mm tó ń fa nǹkan mọ́ra. Nígbà tí a ń sọ ọmọ àbúrò mi lórúkọ, léèsì funfun ni gbogbo ẹbí wọ̀. Nínú fọ́tò tí mo yà níta lọ́sàn-án, ojú wọn dúdú kọjá bó ṣe yẹ. Mo fi kọ̀ǹpútà mú un mọ́lẹ̀, ni gbogbo iṣẹ́ ọnà ara léèsì bá pòórá. Ṣé kí n pààrọ̀ kámẹ́rà yìí ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìnáwó o, Olúwa á dá ọmọ náà sí. Ẹ má pààrọ̀ kámẹ́rà yín. Èyí tó gbówó lórí jù ú lọ náà lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí yín.

Ohun tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà kò mọ̀ pé léèsì ni òun ń wò. Ó gbà pé bí a bá pa ohun gbogbo tó wà níwájú rẹ̀ pọ̀, àwọ̀ eérú ni yóò jẹ́, ìyẹn àwọ̀ tó ń dá nǹkan bí 18 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ tó bà á padà. Bí aṣọ funfun bá wá gba ojú fọ́tò kan, á ní ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù, ojú èèyàn á sì bá a lọ. Ẹ dán an wò nílé. Ẹ tẹ́ aṣọ funfun sórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́bàá fèrèsé, kí ó kún gbogbo fọ́tò, ẹ yí kámẹ́rà sí P, níbi tí òun fúnra rẹ̀ ti ń yan ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀, ẹ yà á. Ẹ fi aṣọ dúdú rọ́pò rẹ̀, ẹ tún yà á. Bí ẹ bá wò wọ́n pọ̀, funfun ti di eérú, dúdú náà ti ṣí sí eérú.

Bọ́tìnì kékeré kan wà lára kámẹ́rà tó ní àmì + àti −. Òun lẹ ó fi sọ fún kámẹ́rà pé aṣọ náà funfun lóòótọ́. Ẹ mú un lọ sí +0.7 tàbí +1 tí funfun bá pọ̀ nínú fọ́tò. Tó bá jẹ́ kóòtù dúdú níwájú ògiri dúdú, ẹ mú un lọ sí −0.7. Lẹ́yìn náà, ẹ tan ohun tí wọ́n ń pè ní highlight alert, tí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù yóò fi máa ṣẹ́jú lórí gíláàsì ẹ̀yìn kámẹ́rà. Bó bá jẹ́ etí léèsì níbì kan ló ń ṣẹ́jú, kò burú. Bó bá jẹ́ gbogbo àyà aṣọ ni, ẹ dín in kù, torí ọnà tó bá ti sọnù níbẹ̀, kọ̀ǹpútà kò lè wá a rí. Ẹ má sì fún ojú ní ìmọ́lẹ̀ títí tí yóò fi dà bí ojú ẹni tó ń bóra. Àwọ̀ wa dúdú, ó lẹ́wà, kí ó dúdú kí ó sì máa dán ni iṣẹ́ wa.

Àmọ́ oòrùn ọ̀sán ju bọ́tìnì lọ. Nílẹ̀ wa níbí, pàápàá nínú oṣù kẹrin àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, àtàrí gan-an ni oòrùn ń wà lọ́sàn-án. Gèlè á wá fi òjìji bo ẹyinjú, èjìká léèsì á sì máa tàn yanran. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì pọ̀ ju ohun tí kámẹ́rà lè gbé. Ẹ kó wọn wá sí etí kánópì, nínú ìbòòji, kí wọ́n kọjú síta. Ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run á wọ abẹ́ gèlè lọ bá ojú. Bí ilẹ̀ ibẹ̀ bá jẹ́ sìmẹ́ńtì, òun náà á ta ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ sókè. Ẹ wo inú ẹyinjú ẹni tí ẹ fẹ́ yà: bí ẹ bá rí ìmọ́lẹ̀ kékeré kan tó ń dán níbẹ̀, ẹ ti rí ibi tó dáa.

Ẹ kíyè sí àwọ̀ kánópì náà o. Pupa tàbí búlúù máa ń kun léèsì funfun àti ẹ̀gbẹ́ ojú kan, kì í sì í rọrùn láti yọ kúrò, torí àwọ̀ ọ̀tọ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ìta fi sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹ wá kánópì funfun, tàbí kí ẹ lo fàráńdà ilé. Seydou Keïta, ayàwòrán ọmọ Mali tó ṣí ilé ìyàwòrán rẹ̀ ní Bamako lọ́dún 1948, ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán nínú àgbàlá ló máa ń lò jù. Ẹ wá àwọn fọ́tò rẹ̀ wò, kí ẹ rí bí awọ ara dúdú àti aṣọ alárànbarà ṣe hàn kedere pọ̀.

Ẹ máa fi RAW, ìyẹn fáìlì tó pa gbogbo ohun tí kámẹ́rà rí mọ́, pa fọ́tò mọ́ dípò JPEG, fáìlì tí kámẹ́rà ti ṣe tán tó sì ti fún pọ̀. JPEG ní ìpele 256 fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. RAW oní-bit 14 ní 16,384. Ìdí nìyí tí ojú tó ṣókùnkùn díẹ̀ fi lè mọ́ nínú RAW láìbàjẹ́.

Ní ti owó tí ẹ fẹ́ ná, ẹ fi ra léǹsì 50mm f/1.8. Nọ́ńbà f ni ìwọ̀n ẹnu léǹsì: bó bá ṣe kéré tó ni ẹnu náà ṣe fẹ̀ tó, ibi tó hàn kedere nínú fọ́tò á sì kéré. Kí ẹ tó rà á, ẹ máa fi 18–55 yín ya ojú ní 55, torí bí ẹ bá fi 18 sún mọ́ èèyàn, imú á tóbi. Bí ẹ bá sì ti ra 50 náà, ẹ má máa lo f/1.8 fún ẹni tó wé gèlè ńlá: léǹsì lè mú etí gèlè, kí ojú má hàn kedere. Ẹ lo f/2.8 sí f/4, kí ẹ sì fi ẹyinjú tó sún mọ́ yín ṣe ibi tí léǹsì ń mú. Léǹsì Canon kì í wọ Nikon. Bí kámẹ́rà yín bá jẹ́ ọ̀kan lára ìdílé Nikon D3000 tàbí D5000, ẹ bèèrè èyí tí wọ́n kọ AF-S sí lára, tó ní mọ́tò nínú ara rẹ̀. AF-D, tí kò ní mọ́tò nínú, kò ní lè fúnra rẹ̀ mú àwòrán lórí wọn, ọwọ́ lẹ ó máa fi yí i.