Ṣé afárá odò àti afárá oyin bára tan ni?

Àbúrò kan bèèrè pé ṣé torí pé irin bíríjì Jẹ́bà rí jágijàgi bí ilé oyin ni Yorùbá fi ń pe bíríjì ní afárá, ó ní bàbá kan ló sọ bẹ́ẹ̀ fóun nínú mọ́tò. Àlàyé bàbá yẹn dùn létí o, àmọ́ mi ò gbà á. Kí òyìnbó tó kó irin dé rárá làwọn bàbá wa ti ń pe ìtí igi tí wọ́n bá dá bùú odò ní afárá, èèyàn á máa rọra tẹ̀ ẹ́ kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tó rẹrù á máa gbàdúrà. Odò ńlá ní tiẹ̀, ọkọ̀ ni, tàbí igbá ràgàjì tí òmùwẹ̀ á máa tì tí èrò á sì dì í mú gírígírí (ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń bẹ̀rù ọ̀kadà, ẹ gbọ́ ṣáá).

Ti Jẹ́bà, rélùwéè dé Ìlọrin ní 1908, ó dé Jẹ́bà ní 1909, ló bá bá Odò Ọya pàdé. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń gbé ọkọ̀ rélùwéè sọdá títí afárá fi parí ní 1916. Erékùṣù kan wà láàárín odò níbẹ̀, òun ni wọ́n fi ṣe ibi ìsinmi, ìyẹn ni kò fi jẹ́ afárá kan gbọọrọ, méjì ni. Tẹ́ ẹ bá wo irin ẹ̀ dáadáa, onígun mẹ́ta ni wọ́n so ó, ihò oyin sì rèé, onígun mẹ́fà ni. Ẹ fi igi mẹ́rin so férémù kẹ́ ẹ tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, á wọ́, ẹ fi mẹ́ta so ó, kò níbi tó ń lọ, ìdí tí irin díẹ̀ fi lè gbé ọkọ̀ rélùwéè nìyẹn. Ibi tí àwọn méjèèjì ti jọra ò ju pé ihò ló pọ̀ jù nínú wọn, síbẹ̀ wọ́n ń gbé ẹrù.

Èyí tó tiẹ̀ ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ní Ìlọrin níbí, kò sẹ́ni tó ń pe ti Odò Asà ní afárá mọ́, bíríjì ni, "ẹ já mi sí bíríjì." Ẹnu ẹni tó ń ta oyin àti ẹnu àáfà ni afárá kù sí, àáfà á ní afárá Síráàtì, èyí tí gbogbo èèyàn máa gbà kọjá lọ́jọ́ ìdájọ́, tín-ín-rín ju irun lọ, ó mú ju idà lọ, gbogbo wa á dákẹ́ lọ wẹ́ẹ́. Ẹ jẹ́ kó pè é ní bíríjì Síráàtì lọ́jọ́ kan, ká wo ẹni tó máa lè mú ẹ̀rín mọ́ra.