Ìyá Ìbejì, ẹ má dúró de ẹ̀dínwó

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, Ìyá Ìbejì. Ẹ ní ẹ̀yin àti bàbá àwọn ọmọ fẹ́ kó Ìbejì àti Ìdòwú wọ ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ láti èbúté Southampton nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà ọlidé oṣù kẹjọ tó ń bọ̀. Ẹ ní ọ̀rẹ́ yín kan níbi iṣẹ́ ní kẹ́ ẹ ní sùúrù títí ó fi máa ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀, torí ìgbà yẹn ni owó máa ń já wálẹ̀. Ẹ tún ní páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà lẹ̀yin méjèèjì ṣì ń lò, pé ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni tàwọn ọmọ. Ohun tẹ́ ẹ sọ gbẹ̀yìn yìí ló mú mi jókòó kọ̀wé. Ẹ gba yàrá yín nínú ọkọ̀ báyìí.

Ọ̀rẹ́ yín ò parọ́. Ọkọ̀ tí kò bá tíì kún máa ń ta yàrá tó kù ní owó pọ́ọ́kú. Ṣùgbọ́n ẹ bi í bóyá òun náà ń gba físà. Ẹni tó ní páásípọ́ọ̀tù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè rí ẹ̀dínwó lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kó sì wà lórí omi lọ́jọ́ Àìkú. Àwa oníwèé aláwọ̀ ewé ńkọ́? Ìlànà Schengen, ìyẹn àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó jọ ń lo físà kan, ni pé ìwé yín gbọ́dọ̀ ti wọlé, ó pẹ́ tán, ní ọjọ́ 15 ṣáájú ìrìn àjò. Ìdáhùn fúnra rẹ̀ máa ń gba nǹkan bí ọjọ́ 15, wọ́n sì lè fà á dé 45. Wọ́n tún máa béèrè ìwé ọkọ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ wọ̀. Tẹ́ ẹ bá wá dúró dìgbà tí ọkọ̀ dínwó, àsìkò físà ti kọjá lọ nìyẹn.

Kẹ́nikẹ́ni má sì sọ fún yín pé ọmọ yín jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ máa bá wọn kọjá. Irọ́ ni. Àṣẹ ìgbélùú tẹ́ ẹ ní níbí náà ò ṣílẹ̀kùn Yúróòpù. Bẹ́ ẹ bá tiẹ̀ ní inú ọkọ̀ lẹ máa jókòó sí, pé ẹ ò ní sọ̀ kalẹ̀ ní èbúté kankan, wọn ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ wọ̀ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú wa rí. Ọkọ̀ tiwa máa ti Southampton lọ Le Havre ní France, á ya erékùṣù Guernsey, á dé Zeebrugge ní Belgium, á sì padà sílé. Ìrìn àjò kékeré. Èmi ti di ọmọ onílùú nígbà yẹn, ìyàwó mi ò tíì dì í. A ti gba ọkọ̀ tipẹ́, a ti san owó àsansílẹ̀, àyè tí wọ́n á ti rí ìyàwó mi fún físà ló di wàhálà. Ilé iṣẹ́ tó ń bá ẹ́ḿbásì gbàwé, kàlẹ́ńdà wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pupa látòkè délẹ̀, ìyẹn ni pé kò sáyè. Ìyàwó mi á jí láago méjìlá òru, á ṣí i wò, pupa ni. Á tún jí láago mẹ́rin. Àwọn kan wà lórí WhatsApp tí wọ́n ń ta àyè ọ̀fẹ́ yìí bí ẹni ń ta tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀lù lẹ́yìn pápá, ẹ má dá wọn lóhùn o, ọ̀pọ̀ nínú wọn gbájú-ẹ̀ ni. Nígbà tó wá rí àyè, obìnrin tó jókòó lẹ́yìn gíláàsì wo fọ́tò rẹ̀, ó ṣu ẹnu pọ̀, ó ní kò mọ́lẹ̀ tó, kó lọ ya òmíràn nínú ẹ̀rọ tiwọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri níbẹ̀. Owó tiẹ̀ lọ́tọ̀ ni. Mo ti bi ara mi léèrè iye fọ́tò tó máa ń mọ́lẹ̀ tó lójú wọn lóòjọ́.

Páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ kú ní Ìjẹ̀bú. Kò lè lọ sìnkú. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn pẹ̀lú: tẹ́ ẹ bá ní arúgbó tára rẹ̀ ò yá nílé, ẹ mọ̀ pé ìwé yín lè há sọ́wọ́ wọn.

Físà wá dé, inú wa dùn, a sì san gbogbo owó tó kù. Bẹ́ẹ̀, níbi tí wọ́n máa ń kọ iye ìgbà tèèyàn lè wọlé sí, 01 ni wọ́n kọ, ìyẹn ẹ̀ẹ̀kan péré, dípò MULT, ìyẹn ọ̀pọ̀ ìgbà. A kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù pé ẹ̀ẹ̀mejì la máa wọlé! A fi ìwé ọ̀nà ọkọ̀ mọ́ ọn! Guernsey ò sí nínú Schengen. Bí ọkọ̀ bá ti France débẹ̀, ẹ ti jáde, Belgium ti di wíwọlé ẹlẹ́ẹ̀kejì. A pe ẹ́ḿbásì, ẹ̀rọ ló ń dá wa lóhùn. A pe àwọn tó gbàwé, wọ́n ní àwọn kọ́ ló ń pinnu. Ajẹ́ńtì tó ta ọkọ̀ fún wa ní ká fọkàn balẹ̀, pé kò sẹ́ni tó máa wò ó.

Ní Southampton, ọmọ kan tí mo lè bí lọ́mọ fi èékánná tẹ 01 yẹn, ó lọ pe ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá dé, òun náà fi èékánná tẹ̀ ẹ́. Màdáàmù ò lè wọ̀. Àwọn àpótí wa ti wọnú ọkọ̀ ṣáájú wa, wọ́n ní ká dúró kí wọ́n wá wọn jáde, a sì dúró pẹ̀lú àwọn ọmọ tó ń wo ọkọ̀ náà látojú fèrèsé. Kọ́bọ̀ ò padà. Àwọn oníṣọ́ránsì ní ọ̀ràn físà ò sí nínú ohun táwọn ń sanwó lé. Ajẹ́ńtì ò gbé fóònù mọ́.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣe rèé. Oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn àjò ni wọ́n ti ń gbàwé físà, ìyẹn oṣù kejì fún ọkọ̀ oṣù kẹjọ. Owó tó kù lẹ́yìn àsansílẹ̀, nǹkan bí oṣù mẹ́ta kí ọkọ̀ tó ṣí ni wọ́n sábà máa ń bèèrè rẹ̀, ẹ ka ìwé àdéhùn tiyín dáadáa. Ẹ rí i pé físà jáde láàárín méjèèjì. Tí wọ́n bá kọ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó tán, àsansílẹ̀ nìkan ló lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, gígùn ni owó ìtanràn ń gùn títí gbogbo owó á fi wọmi. Ẹ́ḿbásì orílẹ̀-èdè tẹ́ ẹ máa lo ọjọ́ púpọ̀ jù nínú rẹ̀ lẹ máa lọ. Tí ọjọ́ wọn bá dọ́gba, èyí tí ọkọ̀ kọ́kọ́ dé. Láti June 11, 2024, 90 Yúrò ni owó físà fún àgbàlagbà kan, owó ilé iṣẹ́ tó ń bá ẹ́ḿbásì gbàwé tún wà lọ́tọ̀. Ìwé báńkì, lẹ́tà ibi iṣẹ́, ìnṣọ́ránsì tó tó 30,000 Yúrò, ẹ ti mọ gbogbo ìyẹn.

Bẹ́ ẹ bá rí 01 lórí ìwé yín, ẹ má gbà fún ajẹ́ńtì kankan. Ẹ ní kí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú ímeèlì pé ẹ lè wọ̀.

Ọ̀rọ̀ yàrá: ẹ̀yin márùn-ún nìyẹn. Yàrá ẹni mẹ́rin, tí ibùsùn méjì ń ti àjà sọ̀ kalẹ̀, kì í pọ̀ nínú ọkọ̀, ti ẹni márùn-ún tún ṣọ̀wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ gba yàrá méjì tó nílẹ̀kùn láàárín, ìyẹn sì ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbé nígbà ọlidé. Yàrá ẹ̀dínwó ìgbẹ̀yìn, àwọn ló ń yan ibi tó máa wà, wọ́n lè fi Ìbejì sí òkè kẹfà, kí ẹ̀yin wà ní ìkẹsàn-án. Bí owó bá já lẹ́yìn tẹ́ ẹ gbà á, ẹ pè wọ́n kẹ́ ẹ tó sanwó tán, àwọn míì máa ń dín in tàbí kí wọ́n fi ìyàtọ̀ rẹ̀ sínú owó ìnáwó inú ọkọ̀.

Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ yọ ọmọ níléèwé lọ ní oṣù kẹfà torí owó rọ̀, ẹ bá mi kí i. Ní England báyìí, 80 pọ́n-ùn ni ìtanràn fún òbí kan lórí ọmọ kan tẹ́ ẹ bá tètè san án. Bí gbogbo àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti wà níléèwé, ìyẹn 480. Tí Àlàbá bá sì ti ń bọ̀ lọ́nà, ẹ tètè sọ fún ilé iṣẹ́ ọkọ̀, ọ̀pọ̀ wọn kì í gba aboyún tó ti wọ ọ̀sẹ̀ 24.

Ẹ wo páásípọ́ọ̀tù ẹ̀yin méjèèjì lálẹ́ yìí. Ó gbọ́dọ̀ ṣì ní oṣù mẹ́ta nílẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá kúrò ní Yúróòpù, kó má tíì pé ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ti ṣe é, kó sì ní ojú ewé méjì tó ṣófo. Ẹ kọ oṣù tó máa parí síbí fún mi. Tó bá jẹ́ pé ẹ máa kọ́kọ́ tún un ṣe, a jẹ́ pé ọdún tó tẹ̀ lé e ni kẹ́ ẹ gba ọkọ̀ sí, torí ẹ̀yin náà ti mọ bó ṣe ń pẹ́ tó níbi tí wọ́n ti ń tún un ṣe.